Ẹ́ńjìnnì Tó Kú Nígbà tí Bàálù Ń Gbéra

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nìyí. Ẹ jókòó sínú símúlétọ̀ (ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe bí ẹni ń wa bàálù), ẹ ti tọ́rọ́tù síwájú (ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń bu agbára fún ẹ́ńjìnnì), bàálù ń sáré lọ, ohùn kan pe V1, ẹ́ńjìnnì kan sì kú gbàù. Imú bàálù yà sápá kan, ẹ fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, ẹ gbé imú sókè, ẹ ń gòkè lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é nígbà mẹ́wàá, ó ti di bí ẹní mu omi tútù. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àléébù ẹ̀kọ́ yìí fara pamọ́ sí. Ogun tí ẹ ti gbọ́ ọjọ́ rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀, tí ẹ sì mọ ẹnu ibodè tó máa gbà wọlé, ẹ ò lè fi mọ bí ẹ ṣe múra tó de èyí tí kò ránṣẹ́ síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ kí símúlétọ̀ ṣe òun lóore gbọ́dọ̀ ṣètò rẹ̀ débi pé kò ní mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì máa kú tàbí kò ní kú, kò ní mọ èwo ló máa kú, kò ní mọ ìgbà tó máa kú, kò sì ní mọ̀ bóyá gbàù ló máa kú tàbí ńṣe ló máa rọra kú lọ bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ iyára mẹ́ta tí awakọ̀ òfuurufú máa ń kọ sílẹ̀ kó tó kúrò nílẹ̀. V1 ni ààlà ìdúró. Ẹni tó bá máa dúró gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí bàálù tó kọjá iyára yẹn. Kì í ṣe pé kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ń fa tọ́rọ́tù sẹ́yìn tàbí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí bíréèkì. Bó bá ti kọjá a, rọ́nwéè tó ṣẹ́ kù lè má gbà á mọ́, àfi kó fi ẹ́ńjìnnì tó kù gbéra. VR ni iyára tí a ti ń gbé imú sókè. V2 ni èyí tí bàálù gbọ́dọ̀ ti ní nígbà tó bá fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 35 lókè rọ́nwéè, òun náà ló sì máa dì mú bó ṣe ń gòkè lọ. Òfin tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí bàálù akérò ńlá elẹ́ńjìnnì méjì sọ pé, lẹ́yìn tó bá ti ká táyà wọlé, ó gbọ́dọ̀ lè fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo gòkè ní ìwọ̀n tí kò dín ní mítà 2.4 nínú gbogbo mítà 100 tó bá rìn síwájú. Ìyẹn kéré. Òkè tí ọmọdé ń fi kẹ̀kẹ́ gùn láìsọ̀kalẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti àwọn bàálù kéékèèké elẹ́ńjìnnì méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wà nínú símúlétọ̀ ilé, òfin tí wọ́n fi fọwọ́ sí púpọ̀ nínú wọn kò tiẹ̀ fi dandan lé e pé kí wọ́n lè gòkè rárá bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú.

Ohun tí ara ń ṣe lásìkò yẹn kò pọ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ló kú, tí ti òsì ṣì ń ti bàálù lọ: imú á fì sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ òsì ló sì gbọ́dọ̀ tẹ pẹ́dà ìtọ́kọ̀ títí imú á fi padà sí àárín rọ́nwéè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ni pé ó ń fi ọwọ́ wá ohun tó yẹ kó fi ẹsẹ̀ wá. Á máa yí ìdarí bí ẹni tó ń wa mọ́tò, apá kan bàálù á rẹlẹ̀, ìkejì á ga, imú ò sì ní tọ́. Èkejì ni ìkánjú láti gbé imú. Bàálù tí agbára rẹ̀ ti ku ìdajì kò ṣeé fà sókè bíi ti ojoojúmọ́. Ẹ rọra fà á, kí imú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju bó ṣe máa ń wà lọ, kí V2 má baà bọ́ lọ́wọ́ yín. Bí aago tó ń ka gíga bá ti fi hàn pé ó ń gòkè lóòótọ́, ẹ ká táyà wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbájú mọ́ imú, iyára àti ọ̀nà tí ẹ ń bá lọ nìkan, ẹ má fọwọ́ kan ohun mìíràn títí ẹ ó fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 400, ó kéré tán. Gbogbo ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní láti kọ́ kò jù báyìí lọ, ọ̀sẹ̀ kan tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Àmọ́ ṣé bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń kú nìyẹn lóòótọ́? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013. Bàálù Embraer 120 kan, elẹ́ńjìnnì méjì alábẹ̀bẹ̀, ń gbé òkú Olusegun Agagu, gómìnà àná ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ sí Àkúrẹ́. Ogún ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Ó gbéra, kò sì rìn jìnnà tó fi já lulẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú. Àjọ tó ń wádìí jàǹbá òfuurufú ní Nàìjíríà tẹ́tí sí ẹ̀rọ tó ká ohùn àwọn awakọ̀ náà sílẹ̀. Ìkìlọ̀ ti ń ké látìgbà tí wọ́n ti ń sáré lórí rọ́nwéè. Igbákejì awakọ̀ sọ pé bàálù ń lọ jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n ti kọjá 80 nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n tí a fi ń ka iyára bàálù), ó béèrè bóyá kí àwọn dá ìgbéra náà dúró, èsì tó sì gbà ni pé kí àwọn máa lọ. Nígbà tí àjọ náà máa kọ ohun tó fa jàǹbá yìí sílẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tó fi síbẹ̀ ni ìpinnu láti máa gbéra lọ nígbà tí aago ti fi hàn pé abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kejì kò yí bó ṣe yẹ kó yí. Kò sí gbàù kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe V1 kí ẹ́ńjìnnì tó wá kú. Agbára kò pé láti ìbẹ̀rẹ̀, àmì ti hàn, wọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu sọ ọ́.

Ní Taipei, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2015, ATR 72-600 ti ilé-iṣẹ́ TransAsia gbéra ní pápákọ̀ Songshan pẹ̀lú ènìyàn 58. Bó ṣe ń sáré lórí rọ́nwéè, ẹnì kan nínú àwọn awakọ̀ rí i pé iná kékeré tó yẹ kó tàn láti fi hàn pé ètò tó ń tọ́jú abẹ̀bẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́ kò tàn. Ó sọ ọ́. Wọ́n ní kí àwọn máa lọ, iná náà sì padà tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1,000 lọ, ètò yẹn kan náà ṣi ẹ̀rí gbà, ó kà á sí pé ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ti kú, ó sì yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kó má baà fa bàálù sẹ́yìn mọ́. Ẹni tó ń wa bàálù fa tọ́rọ́tù sẹ́yìn. Ti òsì ló fà, èyí tó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa là á lójú pé èyí tí kò yẹ lọwọ́ òun fà, ilẹ̀ ti sún mọ́ wọn; ẹni 43 ló kú. Àwọn tó ṣèwádìí tún rí nǹkan kan nínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀: lọ́dún tó ṣáájú, nínú símúlétọ̀, olùkọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó máa ń ṣiyèméjì tí ẹ́ńjìnnì bá kú lẹ́yìn V1. Ìṣòro náà ti wà lórí ìwé. Ẹ̀kọ́ tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kò wo àrùn náà sàn.

Àwọn kan ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí òṣùwọ̀n. Ní ọdún 2013, Stephen Casner ti àjọ NASA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n kó awakọ̀ 18 tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bàálù wọ símúlétọ̀ Boeing 747-400, wọ́n sì gbé ìṣòro mẹ́ta kò wọ́n lójú, irú èyí tí òfin ní kí wọ́n máa fi dán wọn wò láti ìgbà dé ìgbà. Ikú ẹ́ńjìnnì lásìkò ìgbéra jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ìṣòro náà bá wá ní ọ̀nà tó ti mọ́ wọn lára, gbogbo wọn ṣe é bó ṣe yẹ, ìwà wọn sì jọra. Nígbà tó bá yọ sí wọn lójijì, ìwà wọn kò dọ́gba mọ́, àwọn kan kò sì ṣe ohun tó tọ́. Ẹ rántí pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n o. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí láti Netherlands náà pín awakọ̀ sí ọ̀nà méjì. Wọ́n kọ́ apá kan ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n lè sọ bó ṣe máa lọ, wọ́n sì kọ́ apá kejì ní èyí tó ń yí padà, tí wọn ò mọ ohun tó kàn. Nígbà tí wọ́n fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí dán gbogbo wọn wò, apá kejì ló ṣe é dáadáa jù.

Ó yá, ẹ wá igbá kan àti ìwé pélébé mẹ́wàá. Ẹ fi mẹ́rin sílẹ̀ ní òfìfo, ìyẹn ìgbéra tí nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ìkarùn-ún pé ẹ́ńjìnnì kan máa kú kí bàálù tó pé 80 nọ́ọ̀tì, kí ìkẹfà jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tó kú ní nọ́ọ̀tì márùn-ún lẹ́yìn V1. Ìkeje: agbára ẹ́ńjìnnì kan á máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 60 nọ́ọ̀tì, láìsí ariwo. Ìkẹjọ: aago kan kò ka ohun tó yẹ kó kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkẹsàn-án: ẹ́ńjìnnì kú ní ẹsẹ̀ bàtà 800, nígbà tí ẹ ti ń ronú pé ewu ti kọjá. Ìkẹwàá: ìkìlọ̀ tí kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ dúró dún lẹ́yìn V1, kí ẹ lè kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ kó máa dún, kí a sì gbéra. Ẹlòmíràn ni kó máa mú ìwé, kó yan ẹ́ńjìnnì òsì tàbí ọ̀tún fúnra rẹ̀, kó tò ó sínú ètò, kí ẹ̀yin kọjú síta. Símúlétọ̀ X-Plane ní ojú ewé tí a ti lè yan ẹ̀rọ tó máa bàjẹ́ àti iyára tàbí gíga tó máa bàjẹ́ sí. Àwọn mìíràn náà ní irú rẹ̀. Ní ti agbára tó ń relẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà kan wà tí kò gba ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: ẹ da aṣọ bo tọ́rọ́tù méjèèjì, kí ẹnì kejì máa fa ọ̀kan sẹ́yìn lábẹ́ aṣọ, kí ẹ má rí ọwọ́ rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ dá ìwé padà sínú igbá lẹ́yìn ìgbéra kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá dá a padà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tó kù, ogun á tún ti di àgbọ́tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan á sọ pé, ọmọ tí kò tíì lè rìn, ṣé eré ló yẹ kí a ní kó máa sá? Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì jiyàn rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ pẹ́dà tó yẹ kó tẹ̀ kò lè rí nǹkan kan kọ́ nínú ìyàlẹ́nu, àfi ìbẹ̀rù. Ẹ fi V1 àti gbàù bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe òsì, ẹ ṣe ọ̀tún, títí ẹ ó fi lè ṣe é nígbà márùn-ún léraléra láìjẹ́ pé táyà iwájú kúrò ní àgbègbè ìlà àárín rọ́nwéè. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi í sílẹ̀. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọn kì í fi í sílẹ̀ mọ́, nítorí ó ń dùn mọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ tí èèyàn ti mọ̀ máa ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé ó ń tẹ̀ síwájú.

Àtakò tó lágbára jù wá láti ibòmíràn: pé símúlétọ̀ orí tábìlì kì í ṣe bàálù. Pẹ́dà rẹ̀ rọ̀, bẹ́ẹ̀ ti bàálù gidi lè le débi pé itan á máa gbọ̀n. Àga kò mì, ikùn kò sì já. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí pẹ́dà ṣe le tó, kó lọ sí símúlétọ̀ ńlá tó ń mì lórí ẹsẹ̀ irin, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo Ìkẹjà àti Taipei. Kì í ṣe agbára itan ló wọ́n wọn. Ohun tó wọ́n wọn ni kí ẹnì kan rí àmì, kó sọ ọ́, kí wọ́n pinnu kó tó pẹ́ jù, kí ọwọ́ sì lọ síbi tó yẹ. Ìyẹn kò nílò àga tó ń mì. Ẹ jẹ́ ká sì fi ojú òótọ́ wo ọ̀nà kejì, ìyẹn kí a máa fi bàálù gidi kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2010, ní Darwin ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Embraer 120, irú èyí tó já ní Ìkẹjà, gbéra fún ẹ̀kọ́ nìkan, láìsí èrò. Olùkọ́ fa tọ́rọ́tù kan sẹ́yìn kó lè dà bí ẹ́ńjìnnì tó kú, ṣùgbọ́n ó fà á ju ibi tó yẹ lọ, abẹ̀bẹ̀ náà wá ń fa bàálù sẹ́yìn, apá wọn kò ká a mọ́. Àwọn méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Nígbà tí Edwin Link, ọmọ ẹni tó ń ṣe dùùrù ní Binghamton ní Amẹ́ríkà, gbé símúlétọ̀ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1929, ẹwìrì inú dùùrù ló fi ń gbé e sókè sódò. Kò jọ bàálù rárá, ó jọ ohun ìṣeré ọmọdé, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì ló jókòó nínú irú rẹ̀.

Ìdúró ni ọ̀pọ̀ kì í kọ́, nítorí kò dùn ún wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àjọ FAA ti Amẹ́ríkà àti àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù gbé ìwé ìkọ́ni kan jáde lórí ìgbéra tí a dá dúró. Wọ́n kó ìṣẹ̀lẹ̀ 74 jọ nínú èyí tí bàálù ti sá kọjá òpin rọ́nwéè lẹ́yìn tí awakọ̀ gbìyànjú láti dúró. Nínú ohun tó ju ìdajì wọn lọ, awakọ̀ ti kọjá V1 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé bí ìdá kan péré nínú mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì fà. Ìyókù wá láti ara táyà, ìkìlọ̀, àti àwọn ohun mìíràn. Nítorí náà ni ìwé ìkẹwàá ṣe wà nínú igbá. Ẹ jẹ́ kí 80 nọ́ọ̀tì jẹ́ ààlà kékeré: kí ẹ tó dé ibẹ̀, ohunkóhun tí kò bá yé yín, ẹ dúró, lẹ́yìn rẹ̀ títí dé V1, ẹ dúró kìkì nítorí iná tó ń jó, ẹ́ńjìnnì tó kú, tàbí bàálù tí ẹ bá rí i pé kò ní lè fò. Ẹ fi ohùn rara sọ ọ́ kí ẹ tó ti tọ́rọ́tù, kí ẹ sì pe "Dúró!" síta bó bá tó àsìkò, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá. Ẹnu tó ti sọ ọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ jiyàn.

Lókè ńkọ́? Níbẹ̀, ìkánjú lọ̀tá. Ẹsẹ̀ tí kò ríṣẹ́ ṣe ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tó kú. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago ẹ́ńjìnnì méjèèjì, kí ẹ sì gbọ́ bóyá ohun tí wọ́n sọ bá ti ẹsẹ̀ mu. Ìgbà náà ni kí ọwọ́ tó lọ sórí tọ́rọ́tù, kí ẹ fi ọwọ́ lé e, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ sókè, kí ẹnì kejì wò ó, kó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ wá rọra fà á. Ní Kegworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1989, ẹ́ńjìnnì òsì Boeing 737-400 kan bàjẹ́ lójú òfuurufú. Àwọn awakọ̀ fa tọ́rọ́tù ti ọ̀tún sẹ́yìn, ìmìjìgì rọlẹ̀ lásìkò yẹn kan náà, wọ́n wá gbà pé àwọn ti mú olè, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì tó yè. Ẹni 47 ló kú. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá tí irú àyẹ̀wò yìí ń gbà ṣòfò nínú símúlétọ̀ títí yóò fi mọ́ yín lára, ẹni tó bá ń wò yín á máa rò pé ẹ ti sùn lọ.

Wọ́n á tún ní ẹ́ńjìnnì òde òní kì í kú mọ́, pé awakọ̀ lè ṣiṣẹ́ títí á fi fẹ̀yìn tì láìrí ọ̀kan rí lásìkò ìgbéra, kí wá ni ti ìwé òfìfo mẹ́rin? Nítorí ìyẹn gan-an ni. Ìgbésí ayé awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwé òfìfo látòkè délẹ̀, òun ló sì ń kọ́ ojú láti má ṣọ́ nǹkan kan mọ́. Ìwé òfìfo nínú igbá ló ń jẹ́ kí ẹ máa ka aago gbogbo ìgbéra bí ẹni pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ ní ìwé ìkọ̀wé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ símúlétọ̀. Ẹ má kọ "mo ṣe é" tàbí "mo kùnà" síbẹ̀. Ẹ kọ iyára tí àmì àkọ́kọ́ hàn sí, iyára tí ẹ sọ̀rọ̀ sí, ohun tí ẹ sọ gan-an, ẹsẹ̀ tí ẹ fi tẹ pẹ́dà, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín àmì àti ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìwé òfìfo ló jáde, ẹ kọ ohun tí aago méjèèjì kà ní 80 nọ́ọ̀tì. Bí ẹ kò bá rántí, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò rántí, kí ẹnì kejì dá ìwé náà padà sínú igbá, kó gbọ̀n ọ́n, kó sì mú òmíràn.